Àwọn Tó Wà Lára Ògiri

Ìyá Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, ìyá arúgbó tó fi ọdún mọ́kànlélógún rán aṣọ ìsìnkú fún ilé oníṣẹ́ ìsìnkú kan. Yàrá ìránṣọ rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà wọn gan-an, ojú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ṣe. Ó ní òun ò fi kún un, òun ò sì yọ kúrò níbẹ̀, àfi ibi tí ẹ̀rín bá ti fẹ́ pa òun.

Láti ìran mẹ́ta ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ìsìnkú nílé náà. Bàbá bàbá wọn ló dá a sílẹ̀. Káfíńtà lásán ni tẹ́lẹ̀, àga àti fèrèsé ló ń kàn, títí di ọdún tí àkọ́bí rẹ̀ kú, ọmọ ọdún mẹ́fà. Kò sí ẹni tó ń kan pósí nílùú kékeré yẹn nígbà náà. Bàbá ọmọ ló kúnlẹ̀ ti òkú ọmọ rẹ̀ lórí ẹní, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wọ̀n ọ́n láti orí dé ẹsẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, iye tó kà ń sọ nù mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ń padà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló wọ̀n ọ́n. Nígbà tó sin ín tán, ó búra pé wọn ò ní í wọn ará ilé òun ní ìdùbúlẹ̀ mọ́ láéláé. Ní ìdúró ni wọn yóò máa wọ̀n wọ́n, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń ṣàn lára wọn, tí eyín wọn ṣì ń ṣí sí ẹ̀rín.

Láti ìgbà náà, ọjọ́ tó bá gbẹ̀yìn ọdún ni ọjọ́ ìwọ̀n. Gbogbo ará ilé á bọ́ bàtà, wọ́n á fẹ̀yìn ti ògiri ilé ìkanpósí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á gbé igi pẹlẹbẹ lé ẹni náà lórí, wọ́n á fi pẹ́ńsùlù fa ìlà, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá kú nínú wọn, ara ògiri ni wọ́n ti ń mú ìwọ̀n pósí rẹ̀. Òkú àwọn ará ìlú, orí tábìlì ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n bí ẹní wọn aṣọ. Ti ilé, ara ògiri ni. Ẹni tó bá wà lára ògiri, ọmọ ilé ni. Ẹni tí kò sí níbẹ̀, àlejò ni, ì báà ti fi ogún ọdún sùn níbẹ̀.

Ìyàwó ọmọ kejì olórí ilé ti wà nínú ilé náà fún ọdún mẹ́rìnlá. Kò sí lára ògiri.

Ìyàwó ni wọ́n pè é lọ́jọ́ tó wọlé, Ìyàwó náà ni wọ́n ṣì ń pè é, torí kò bí ọmọ tí wọn ì bá fi orúkọ rẹ̀ pè é. Òkú obìnrin ni wọ́n kọ́kọ́ ní kó máa wẹ̀. Nígbà tó yá, ó di tọkùnrin tobìnrin, torí pé Ẹ̀gbọ́n, àkọ́bí ilé, kì í wo òkú kó má bì. Iṣẹ́ ẹnu ni iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n. Òun ló ń gba àwọn olóòkú lálejò nínú yàrá iwájú, tó ń bá wọn mi orí, tó ń na áńkáṣíìfù sí wọn kí omijé tó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọkọ Ìyàwó, tí tilé toko ń pè ní Káfíńtà, ló ń kan pósí. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Ẹnu ni Ọlọ́run gbàgbé láti fún un. Gbogbo èyí tó kù, Ìyàwó ló ń ṣe é. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tú ìka tó ti gan. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi aṣọ ti òkú nínú pósí, lórí, lẹ́sẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n á fi gbé e kọjá ibi gegele tí kò ní mì. Àwọn olóòkú á wo òkú wọn, wọ́n á ní, "Ó kàn sùn ni." Ẹ̀gbọ́n á sì dáhùn pé, "Iṣẹ́ wa nìyẹn."

Ní ọdún àkọ́kọ́ tó wọlé, ó bọ́ bàtà lọ́jọ́ ìwọ̀n, ó tò sẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Bàbá ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ olórí ilé, wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìyàwó, ilẹ̀ tutù o. Lọ wọ bàtà rẹ."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Òun náà bá wọn rín in, ó rò pé àwàdà ni. Ní ọdún kẹta tó tún béèrè, Bàbá ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ìlà wo ni kí n fà? Igi tí kò so, ṣé wọ́n ń wọn gíga rẹ̀ ni?" Láti ìgbà náà, wọ́n gbé igi pẹlẹbẹ fún un pé kó máa gbé e lé àwọn yòókù lórí, torí ó ga, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í gbọ̀n.

Ẹ má rò pé pósí ni obìnrin yìí ń wá. Òun ló ń wẹ àwọn òkú tí kò ní ẹni. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń sin wọ́n: wọ́n á fi pátákó àjákù kan nǹkan fún wọn, wọ́n á tì wọ́n sí ẹ̀yìn ọgbà, ẹnikẹ́ni kò ní í bi ẹnikẹ́ni pé ta lẹ sin. Ìyá rẹ̀ ti kú, bàbá rẹ̀ ti kú, kò ní ọmọ. Bí kò bá sí lára ògiri yẹn, ó mọ ibi tó ń lọ. Ìlà kan péré ló ń tọrọ, ìlà pẹ́ńsùlù tí kò tó ìka gígùn.

Ní ọdún kẹrìnlá, ẹ̀gbà dá Bàbá wólẹ̀. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fi ahọ́n sílẹ̀. Ìyàwó ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń fún un lóúnjẹ, òun ló ń yí i sọ́tùn-ún sósì kí ara rẹ̀ má baà jẹrà. Àwọn ọmọ rẹ̀ á yọrí lẹ́nu ọ̀nà: "Bàbá, ara ń yá o!" Kó tó dá wọn lóhùn, ẹ̀yìn wọn ló ń wò.

Ibi tó ti ń gbé e lójoojúmọ́ ló ti mọ̀ pé Bàbá ti kúrú. Ọjọ́ ogbó ti ká a kò bí ẹní. Ọkùnrin tó ga tó ilẹ̀kùn tẹ́lẹ̀ kò kún ibùsùn rẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ká kò sì nà mọ́ láti ọjọ́ tí ẹ̀gbà ti dé. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún un? Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti ń wọ ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta lé ara wọn lọ́jọ́ ìwọ̀n, tó ń fi ìka ẹsẹ̀ dúró bí ẹni tó fẹ́ já èso. Ìyá Abẹ́rẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Ó ní bí wọ́n bá ní kó tún ga sí i, ì bá fò.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí ọdún parí, Bàbá wò ó bó ṣe ń nu ẹnu rẹ̀ fún un.

"Ìyàwó."

"Bàbá."

"Má dirun gogoro lọ́jọ́ ìwọ̀n o. Di èyí tó bá lẹ̀ mọ́ orí."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e, ó ní, "Mo gbọ́, Bàbá. Ẹ ṣeun, Bàbá." Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ wọ̀n ló yẹ kó dirun pẹlẹbẹ, kí irun má baà jí ìwọ̀n. Ó sọdá títì lọ bá Ìyá Abẹ́rẹ́, kò lè jókòó.

"Ìyá, ọdún yìí ni o!"

"Kí ló fẹ́ ṣẹlẹ̀ lọ́dún yìí?"

"Bàbá ní kí n dirun pẹlẹbẹ."

Ìyá Abẹ́rẹ́ já òwú tó wà lẹ́nu rẹ̀. "Ìyẹn nìkan ló sọ? Ó ní òun máa wọ̀n ọ́?"

"Ìyá, ṣé dandan ni kó sọ ọ́ tán ni? Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí."

"Àbọ̀ ọ̀rọ̀ dáa," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí. "Ibi tí wọ́n bá gbé àbọ̀ kejì sí ni kó o wò dáadáa."

Ṣùgbọ́n inú Ìyàwó ti dùn kọjá ibi tí ìmọ̀ràn ń dé. Ó wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà. Ó ha àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi pọ́n.

Oṣù mẹ́ta ṣáájú ni Ẹ̀gbọ́n ti gbé ìyàwó míì wọlé, ọmọdébìnrin kan tó ti lóyún kó tó mọ ibi tí ilé ìdáná wà. Ìyàwó Tuntun ni wọ́n ń pè é. Bó bá gbọ́ òórùn ọṣẹ tí wọ́n fi ń wẹ òkú, á fi ìró bo imú, á sáré lọ sí yàrá rẹ̀.

Wọ́n gbé Bàbá sórí àga sí àárín ilé ìkanpósí, wọ́n gbọn eruku pátákó kúrò lára ògiri. Ẹ̀gbọ́n ló mú pẹ́ńsùlù.

"Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́?" ló béèrè. "Ẹ ò lè dúró."

"Ta ló ní kí n dúró? Ibi tí mo wà lésìí ni mo wà. Fa ìlà lórí ìlà."

Ẹ̀gbọ́n fà á. Ìyàwó wo ìlà náà, ó wo arúgbó tó ká jọ sórí àga, ó pa ẹnu mọ́. Wọ́n wọn Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n wọn Káfíńtà. Wọ́n wọn àwọn ọmọ méjèèjì tí ìyàwó àkọ́kọ́ Ẹ̀gbọ́n fi sílẹ̀ lọ. Ìyàwó ń gbé igi lé wọn lórí. Nígbà tí wọ́n parí, ó gbé igi náà sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń tú okùn bàtà rẹ̀.

"Ó ku ẹnì kan," ni Bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," ni Ìyàwó dáhùn láti ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí.

"Ìyàwó Tuntun, wá. Bọ́ bàtà rẹ."

Ọmọdébìnrin náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ìyàwó ṣì wà nílẹ̀, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́. Bàbá yíjú sí i.

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o fẹ́ wẹsẹ̀ ni? Gbé igi wá."

"Bàbá, ẹ ní kí n dirun mi pẹlẹbẹ."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Lésìí, irun rẹ ga bí ilé ẹyẹ, ó dí mi lójú, mi ò rí ìlà tí wọ́n ń fà. Mo fẹ́ rí ìyàwó àkọ́bí mi dáadáa." Ó wo ikùn ọmọdébìnrin náà. "Ẹni méjì lẹ ń wọ̀n yẹn o. Ẹ rọra."

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Káfíńtà náà rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́, kò pọ̀, àmọ́ ó rẹ́rìn-ín, ìyàwó rẹ̀ sì gbọ́ ọ. Ó wọ bàtà rẹ̀ padà. Ó gbé igi náà lé ọmọdébìnrin náà lórí, ó gún régé, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún wẹ Bàbá. Ó tún fún un lóúnjẹ. Kí ni kó ṣe?

Bàbá kú ní oṣù kẹta ọdún tuntun, lọ́sàn-án gangan, oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ariwo sọ. Ẹ̀gbọ́n sunkún fún gbogbo ẹni tó wọlé, ó sun èyí tó kọyọyọ fún àwọn olówó. Ìyàwó gbé òkú náà sórí tábìlì, ó wẹ̀ ẹ́, ó gé èékánná rẹ̀, ó fá irùngbọ̀n rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà kọ̀, kò nà. Nígbà tó parí, ó lọ sí ilé ìkanpósí. Káfíńtà ti mú ìwọ̀n lára ògiri, ó ti gé pátákó, ó ti ń fá a. Ẹ̀gbọ́n àti Ìyàwó Tuntun dúró tì í.

Ìyàwó wo pátákó náà. "Ó gùn jù," ló wí.

"Kí ló gùn jù?" ni Ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Pósí yìí. Bàbá ò gùn tó báyìí mọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n wọ̀n wọ́n lórí tábìlì. Kò ní í pẹ́."

"Lórí tábìlì? Bàbá wa? Bí òkú ojú títì?" Ẹ̀gbọ́n súnmọ́ ọn. "Ṣé o kò mọ èèwọ̀ ilé yìí ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Tí ẹ kò bá fẹ́ kí n wọ̀n wọ́n, ẹ jẹ́ kí n fi aṣọ tì wọ́n."

"Òkú àlejò là ń tì. Pósí ará ilé àti ara rẹ̀, ẹ̀pà àti èèpo ni." Ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ohùn tó fi ń tu àwọn olóòkú nínú. "Ìyàwó, ta ló wọn ìwọ rí, tí ìwọ fi fẹ́ máa wọn bàbá wa?"

Ìyàwó Tuntun fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde. Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀. Káfíńtà tẹ orí ba, ó ń fá pátákó lọ, èérún igi ń ká jọ síwájú rẹ̀.

"Kò burú, Ẹ̀gbọ́n," ni Ìyàwó wí. "Ẹ̀yin lẹ ni bàbá yín."

Ìyàwó àti ọkọ rẹ̀ ló gbé òkú sínú pósí lọ́jọ́ ìsìnkú. Ẹ̀gbọ́n dúró síta, ó fi áńkáṣíìfù bo imú, ó ń gba àlejò. Nígbà tí orí Bàbá kan òkè, àyè tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó láti gbé ìrọ̀rí méjì sí. Káfíńtà rí i. Ó wo aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ ká síbi abíyá.

"Ṣé o máa tì í?" ló béèrè, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Èmi? Ẹ̀gbọ́n yín ní òkú àlejò là ń tì. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ jáde lọ sọ fún wọn pé mo jàre."

Káfíńtà wo ẹnu ọ̀nà. Ó wo pósí. Ó gbé ọmọrí dé e, ó kan ìṣó mẹ́jọ mọ́ ọn, ó sì dára bí gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń dára. Ìyàwó gbé aṣọ padà sórí pẹpẹ, ó tò ó dọ́gba.

Gbogbo ìlú ló wá. Ta ló wà níbẹ̀ tí wọn ò bá a sin òkú kan? Ẹ̀gbọ́n dúró lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé, ó sọ̀rọ̀ títí. Ó ní láti ìran mẹ́ta, òkú kan kò tíì mì rí lọ́wọ́ àwọn. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń sìnkú, kó wo bí àwọn ṣe máa sin bàbá àwọn. Lẹ́yìn náà, àwọn ọkùnrin mẹ́fà gbé pósí léjìká.

Àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án ló wà níwájú ilé náà. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lórí ìkíní, ìkejì. Lórí ìkẹta, pósí dorí kodò díẹ̀, òkú bá yọ̀ lọ sísàlẹ̀.

Gbì!

Àwọn tó ń gbé e dúró. Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀rù ba ẹni tó wà níwájú, ó gbé apá tirẹ̀ sókè, òkú yọ̀ padà, orí kan pátákó.

Gbọ̀!

Gbogbo ibẹ̀ pa rọ́rọ́. Barbà àdúgbò, onígbàjámọ̀ tí ẹnu rẹ̀ kì í gbé ọ̀rọ̀ sùn, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ o. Ó dà bíi pé wọ́n ń kanlẹ̀kùn."

Obìnrin kan fi etí gèlè dí ẹnu. Èjìká ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Wọ́n tún tẹ àtẹ̀gùn kan, gbì, ni ẹ̀rín bá bẹ́ bí ìsun omi. Àwọn tó ń sunkún ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú, àwọn tó fẹ́ dá wọn lẹ́kun kò lè sọ̀rọ̀. "Ẹ bi Bàbá pé kí ni wọ́n gbàgbé sílé!" ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn. Òkú tó ti sin gbogbo ìlú, ẹ̀rín ni ìlú fi ń sin ín.

Ẹ̀gbọ́n wá Ìyàwó kàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Òógùn ti mú kọ́là rẹ̀ rọ.

"Ìyàwó, jọ̀ọ́. Jọ̀ọ́. A máa gbé e padà wọlé, wá bá wa tì í. Ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n ṣe."

Ìyàwó ń wo pósí.

"Wò ó, lónìí yìí," ni Ẹ̀gbọ́n wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Kí oòrùn tó wọ̀. Èmi fúnra mi máa fa ìlà rẹ, máa kọ orúkọ rẹ gàdàgbà. Gbogbo ayé yìí ni ẹlẹ́rìí mi. Àbí kí lo tún fẹ́? A máa wọ̀n ọ́!"

Ọdún mẹ́rìnlá ló fi dúró de ọ̀rọ̀ yẹn. Ó wo ẹnu tó ti jáde. Àwọn tó wà nítòsí ti na etí láti gbọ́ ohun tó máa sọ.

"Ẹ wọn bàbá yín ná," ló wí.

Ó tú épírọ́ọ̀nù iṣẹ́ tó wà lára rẹ̀. Ó lọ bá Ìyàwó Tuntun níbi tó fara ti ògiri, ó fi kọ́ ọ lọ́rùn, ó so okùn rẹ̀ sẹ́yìn ìdí fún un, lórí ikùn tó yọ gbọ̀ngbọ̀n yẹn, bí ẹni tó ń múra fún ọmọ ilé ìwé.

"Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni o," ló sọ fún un. "Tútù kì í tú ìka. Tó o bá ti bì tán, kó o padà sídìí iṣẹ́ rẹ."

Ọmọdébìnrin náà bú sẹ́kún. Ìyàwó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án náà, ó gba ẹ̀gbẹ́ pósí kọjá, àwọn èèyàn lanu, wọ́n ya ọ̀nà fún un. Káfíńtà jáde sí orí àtẹ̀gùn. Ó pe orúkọ àbísọ ìyàwó rẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò pè nínú ilé yẹn láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ sì ròkè ju bí ẹnikẹ́ni ṣe gbọ́ ọ rí.

Ìyá Abẹ́rẹ́, tó wà lójú fèrèsé rẹ̀, rí i bó ṣe ń bọ̀ lójú títì. Wọ́n ń yí pósí padà sókè lẹ́yìn rẹ̀, òkú tún yọ̀, ẹ̀rín tún sọ. Ó kọjá níwájú yàrá ìránṣọ, ó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù barbà, ó yà sí títì ńlá, kò sì bojú wẹ̀yìn.